Ìbọn tí a Dá fún Obìnrin, àti Ọta tí Kò Mọ Akọ Yàtọ̀ sí Abo

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí kò pẹ̀gàn ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé ọmọdé jẹ̀bi nítorí pé pẹpẹ ga, bẹ́ẹ̀ ni kò dá àgbà lẹ́bi nítorí pé ẹnu akèrègbè há. Ohun tí ó ń wí ni pé ara ènìyàn ní ìwọ̀n tirẹ̀, ohun èlò náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀, àti pé níbi tí ìwọ̀n méjèèjì kò bá ti ṣe déédéé, kì í ṣe ènìyàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bá wí. Àwọn tí ń rọ ìbọn ọdẹ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó fi òye yìí ṣe ìbọn fún obìnrin. Nígbà tí wọ́n sì wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n di òtítọ́ àti ariwo ọjà pọ̀ sínú ẹrù kan náà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń ra ìbọn kò mọ èyí tí òun ń sanwó fún.

Ọ̀rọ̀ náà kò kan ènìyàn díẹ̀. Nínú ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní 2016, àwọn ọdẹ orílẹ̀-èdè náà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 11.5, obìnrin sì ni ẹnì kan nínú mẹ́wàá wọn. Obìnrin tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni èyí, tí ń wọ igbó lọ wá àgbọ̀nrín, ehoro àti tòlótòló ìgbẹ́. Síbẹ̀, ọkùnrin tí kò ga jù tí kò sì kúrú jù ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ìbọn ráífù tí ó pọ̀ jù lọ lórí àtẹ: bí a bá wọn ọ̀nà láti irin tí ìka ń fà títí dé ìpẹ̀kun ìdí ìbọn, a ó rí íǹṣì 13.5 tàbí kí ó lé díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, obìnrin tí ó fẹ́ ṣe ọdẹ níláti gbé ìbọn ọkọ rẹ̀ tàbí ti baba rẹ̀, bí kò bá sì rí i gbé, kí ó ra èyí tí wọ́n gé kúrú fún ọmọdé.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ìbọn gùn jù fún. Bí ó ti ń gbé e sókè ni ìdí ìbọn ń há sí abẹ́ abíyá, tí aṣọ òtútù tí ó wọ̀ ń dì í mú. Nígbà tí ó bá sì gbé e dé èjìká tán, ọwọ́ tí ó fi di iwájú ìbọn mú ti nà tán, ẹrù ìbọn sì ń fà á síwájú. Kí ó má baà ṣubú, yóò fi ẹ̀yìn sẹ́yìn, yóò ti ìbàdí síwájú, yóò dúró bí ẹni tí ó gbé ìkòkò omi sí àyà. Ìdúró yìí gan-an ni èyí tí ó burú jù lọ fún ẹni tí ìbọn fẹ́ tì, nítorí pé ó ti wà lójú ọ̀nà ìṣubú kí ìbọn tó dún rárá.

Gígùn nìkan kọ́ sì ni. Ọrùn obìnrin sábà máa ń gùn ju ti ọkùnrin tí wọ́n jọ ga lọ, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì sábà máa ń ga. Bí igi tí ó yẹ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fara tì bá lọ sílẹ̀ jù, yóò ní láti gbé orí kúrò lára igi kí ojú rẹ̀ tó lè wo inú awò. Nígbà tí ìbọn bá wá dún, igi náà yóò fò sókè, yóò sì gbá a létí ẹnu bí ẹni tí a bínú sí. Bákan náà ni igun ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn, tí wọ́n gé tààrà fún àyà ọkùnrin, yóò gún ọmú obìnrin. Ọwọ́ rẹ̀ kéré ju ibi ìdìmú lọ, nítorí náà orí ìka ni ó fi ń wá irin tí yóò fà. Gbogbo ìrora yìí kò hàn sí ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tí ẹni náà rí ni pé obìnrin yìí dijú kí ìbọn tó dún, ọta rẹ̀ sì lọ sí ẹ̀yìn àgbọ̀nrín. Ó wá sọ pé ìbọn kì í ṣe ohun obìnrin.

Olùkọ́ tí ó ti rí ọmọ kíláàsì kìíní lórí àga tí wọ́n kàn fún ọmọ kíláàsì kẹfà mọ ìdájọ́ irú èyí dáadáa. Ẹsẹ̀ ọmọ ń rọ̀ láfẹ́fẹ́, èjìká rẹ̀ ga dé etí, ìkọ̀wé rẹ̀ rí wúruwùru, a sì kọ ọ́ sínú ìwé àbọ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kò fi ọkàn sí iṣẹ́.

Ìbọn ọmọdé kò tún wo àrùn náà sàn. Wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọrùn ọmọdé kúrú, àyà rẹ̀ sì tẹ́. Obìnrin àgbà kì í ṣe ọmọ ọdún méjìlá. Ẹni tí ó bá ra ìbọn ọmọdé fún ìyàwó rẹ̀ ti fi ìṣòro kan ṣe pàṣípààrọ̀ òmíràn. Awò tún lè súnmọ́ ojú jù bí ìdí ìbọn bá kúrú ju ara lọ, ọ̀pọ̀ ọdẹ sì ni ó ní àpá róbótó lókè ojú nítorí àṣìṣe yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òde òní ni a mọ èyí. Annie Oakley, tí wọ́n bí ní Ohio ní 1860, tí ó sì kú ní 1926, kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Láti kékeré ni ó ti ń pa ẹran ìgbẹ́ tà láti fi bọ́ àwọn ará ilé rẹ̀, kí ó tó di ẹni tí ayé ń wò nínú eré Buffalo Bill. Nígbà tí eré náà dé London ní 1887, ilé iṣẹ́ Charles Lancaster tí ń rọ ìbọn níbẹ̀ ṣe ìbọn tí ó bá ara rẹ̀ mu fún un. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa lo ìbọn kan tí ìdí rẹ̀ ṣeé nà, tí ó ṣeé ká, tí ó ṣeé tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Wọn yóò gbé e sí èjìká oníbàárà, wọn yóò sì wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ti ń wọn ẹni tí ó fẹ́ dá agbádá. Ṣùgbọ́n olówó nìkan ni ó ń rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rà. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní àkókò tiwa ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwọ̀n náà lọ́pọ̀, fún obìnrin tí ó kàn wọ ilé ìtajà pẹ̀lú owó ọwọ́ rẹ̀.

Savage gbé irú rẹ̀ kan jáde tí ó pè ní Lady Hunter. Syren, tí ó jẹ́ ti Caesar Guerini, ń ṣe ìbọn tí ń tu ọta wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó yẹ kí a fi ojú fífẹ́ wò ni Camilla, tí ilé iṣẹ́ Weatherby gbé jáde ní 2016. Roy Weatherby ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní California ní 1945, kí ó tó kó lọ sí Wyoming lẹ́yìn ikú rẹ̀. Camilla ni orúkọ ìyàwó rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi sọ ìbọn náà. Ìtàn yìí ní ẹ̀rín nínú. Ohun tí Roy Weatherby fi di olókìkí ni kátíríìjì tí ọta rẹ̀ ń sáré bí ẹ̀fúùfù, tí ìbọn rẹ̀ sì ń ti ènìyàn bí àgbò. Ilé tí ó kọ́ àwọn ọkùnrin láti máa fi èjìká gba ìyà ni ó wá ṣe ìbọn tí ó ro ti ara obìnrin.

Ó sì rò ó dáadáa. Gígùn ìdí Camilla jẹ́ íǹṣì 13. Igi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fara tì ga sókè, ibi ìdìmú tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì súnmọ́ irin tí ìka ń fà, iwájú rẹ̀ kò sanra, igun ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀ sì yà síta kúrò lára àyà. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó jẹ́ ọ̀ṣọ́. Ní àsìkò tí àwọn mìíràn rò pé bí a bá ti kun ìbọn ọkùnrin ní àwọ̀ osùn, ó ti di ti obìnrin, ẹni tí ó lè gé igi ní ọ̀nà tí ọmú kò fi ní rọ́gbẹ́ yẹ ní yíyìn.

Ṣùgbọ́n ìyìn kò gbọdọ̀ bo àbùkù mọ́lẹ̀. Camilla wọn pọ́ùn 6.25 péré. Àwọn olùpolówó a máa fi ìfúyẹ́ ìbọn ṣe ohun ìdùnnú fún obìnrin, wọ́n rò pé ohun tí ó fúyẹ́ ni ó rọrùn. Ó rọrùn láti gbé gun òkè, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó bá dún ni ẹ̀san rẹ̀ ń dé, nítorí pé bí ìbọn bá ti fúyẹ́ tó ni yóò ti le tó ní èjìká. Ìṣirò rẹ̀ kò ju ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lè ṣe lọ. Kátíríìjì kan tí ó bá ti ènìyàn pẹ̀lú agbára tí ó lè gbé pọ́ùn 12 ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ìbọn tí ó wọn pọ́ùn 8, yóò tì í pẹ̀lú agbára tí ó lè gbé pọ́ùn 16 bẹ́ẹ̀ nínú ìbọn tí ó wọn pọ́ùn 6. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó fi pọ̀ sí i, láìsí pé ọta náà pa ẹran kankan sí i. Ẹni tí ó bá wá gba ìbọn pọ́ùn 6 tí ìdí rẹ̀ kò tún bá a mu, ó ti gba ìyà méjì lọ́wọ́ ẹni tí ó ní òun ń ṣàánú rẹ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ kátíríìjì, èyíinì ni idẹ kékeré tí ó gba ẹ̀tù sínú tí ó sì di ọta mú lẹ́nu, ni ariwo ọjà ti bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ jù lọ. Ẹnu àwọn oníṣòwò kún fún kátíríìjì tí ó dára fún obìnrin, èyí tí wọ́n sì ń dárúkọ jù ni 6.5 Creedmoor. Ilé iṣẹ́ Hornady gbé e jáde ní 2007. Kì í ṣe nítorí obìnrin ni wọ́n fi ṣe é, kì í tilẹ̀ ṣe nítorí ẹran. Àwọn tí ń díje nínú yíyin àmì láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ní lọ́kàn, orúkọ pápá ìdíje àtijọ́ kan ní New York ni wọ́n sì sọ ọ́. Ọta rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó ń gé afẹ́fẹ́ dáadáa, kò sì nílò ẹ̀tù púpọ̀. Nítorí ẹ̀tù rẹ̀ kò pọ̀ ni kò fi ń ti èjìká gidigidi. Àǹfààní ńlá ni èyí, fún ọkùnrin àti obìnrin bákan náà.

Òye náà pàápàá kì í ṣe tuntun. Láti 1894 ni àwọn ará Sweden àti Norway ti ní kátíríìjì 6.5×55, tí ọta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6.5 gẹ́gẹ́ bíi ti Creedmoor, wọ́n sì fi ń pa ìbátan àgbọ̀nrín kan tí ó ga ju ẹṣin lọ títí di òní. Àwọn ará Jámánì ti ṣe 7×57 ṣáájú rẹ̀ ní 1892. Òun ni W. D. M. Bell, ará Scotland tí a mọ̀ sí Karamojo Bell, fi pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú erin tí ó pa ní Áfíríkà, tí iye gbogbo wọn sì ju ẹgbẹ̀rún lọ. Ìpakúpa tí ó ṣe nítorí eyín erin kì í ṣe ohun tí a ń yin ẹnikẹ́ni sí lónìí. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn olùpolówó kì í sọ: nígbà tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ìbọn ràgàjì, Bell yan ọta tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé ó mọ ibi tí ọpọlọ erin wà, ó sì fẹ́ ìbọn tí òun yóò lè yìn láìjáyà. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ìbọn obìnrin nígbà náà.

Àwọn tí ó ṣe Camilla pàápàá jẹ́rìí sí i pé kátíríìjì kò ní akọ tàbí abo. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ni .308 Winchester ti 1952, tí ìbejì rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun NATO, pẹ̀lú .243 Winchester ti 1955 àti 7mm-08 Remington ti 1980, tí wọ́n rí nípa fífún ọrùn .308 náà. Ìyá kan náà ni ó bí wọn. Igi ìdí ìbọn ni ilé iṣẹ́ náà yí padà fún obìnrin. Ọta, wọ́n fi í sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ẹni tí kò ka èyí sí ń ṣe ibi. Nítorí pé wọ́n ti sọ pé obìnrin nílò ọta kékeré, ọ̀pọ̀ ọkọ àti ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ó ń fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kátíríìjì tí ó kéré jù lọ nínú ilé ìtajà, láìbéèrè irú ẹran tí ó fẹ́ lọ pa. Ọta kékeré a máa pa ẹran bí ẹni tí ó yìn ín bá jẹ́ ọ̀jáfáfá tí ó lè fi í síbi ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró gan-an. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ì tíì rí bẹ́ẹ̀. Àgbọ̀nrín tí ọta bá gba ìfun rẹ̀ yóò sá wọ inú igbó, ó lè jẹ́ òru ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì ni yóò tó kú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Nítorí irú èyí ni òfin àgbọ̀nrín ti 1991 ní England àti Wales fi sọ pé fún àwọn àgbọ̀nrín ńlá, fífẹ̀ ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ dín sí íǹṣì 0.240. Pẹ̀lú títóbi ẹnu rẹ̀, .243 kàn rọra ré ẹnu ọ̀nà òfin náà kọjá ni. Òfin yẹn ro ti awọ àti egungun ẹran. Kò béèrè bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ó ń yìnbọn.

Bí a bá sì wo àwọn kátíríìjì tí ó dé lẹ́yìn náà, ọ̀nà tí ọjà ń tọ̀ yóò hàn kedere. 6.8 Western dé ní 2021, 7mm PRC sì dé ní 2022. Ọ̀nà jíjìn ni àwọn méjèèjì ń lépa. Wọ́n sì ń ti èjìká ju.30-06 tí àwọn bàbá ńlá ń ráhùn sí lọ. .350 Legend ti Winchester, ti 2019, ni ó yàtọ̀, nítorí pé títì rẹ̀ kéré. Òfin ni ó sì bí i. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ohio àti Iowa, wọn kò gbà kí a fi kátíríìjì ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ pa àgbọ̀nrín. Fún ìgbà pípẹ́, ọta ńlá kan ṣoṣo láti inú ìbọn ọlọ́ta-wẹ́wẹ́ ni àwọn ènìyàn ń lò, èyí tí títì rẹ̀ burú jáì. Nígbà tí òfin wá gba kátíríìjì tí ara rẹ̀ gún tààrà, .350 Legend rí àyè wọlé, ẹni tí ara rẹ̀ kò tóbi sì rí ìtura láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ro tirẹ̀. Obìnrin kan ní Iowa lè dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin rẹ̀ ju lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìpolówó lọ.

Ó kù díẹ̀ lórí orúkọ náà, “ìbọn obìnrin”. Nínú èdè Yorùbá, “ọdẹ” kò ní akọ bẹ́ẹ̀ ni kò ní abo. “Ó wọ igbó” lè jẹ́ ìyá, ó sì lè jẹ́ baba, a ó ní láti béèrè kí a tó mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ìpolówó kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ó pín àtẹ sí méjì, ti ọkùnrin lápá kan, ti obìnrin lápá kejì, bí ẹni pé gbogbo obìnrin ni ó wọ íǹṣì 13. Ọkùnrin kúkúrú tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ọwọ́ rẹ̀ kéré, tí Camilla ì bá bá lára mu gẹ́lẹ́, kò ní na ọwọ́ sí i, nítorí orúkọ tí a kọ sára àpótí. Obìnrin tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni wọn yóò fà lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ìdí ìbọn yóò sì kúrú fún un, awò yóò súnmọ́ iwájú orí rẹ̀. Ìdí ìbọn tí ó ṣeé nà tí ó sì ṣeé gbé sókè sọ̀ kalẹ̀ ti wà lórí ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n fi ń díje, iye rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i lórí ìbọn ọdẹ. Kò ní òdòdó lára, kò sì ní orúkọ obìnrin. Ìṣó mélòó kan ni a ó tú, a ó fi pátákó pẹlẹbẹ kan kún un tàbí kí a yọ ọ̀kan kúrò, a ó sì tún ìṣó náà dè.